Mọ́tò Sípọ́ọ̀tì Àtijọ́: Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Mọ Iye Tó Tọ́ sí i àti Owó Tó Máa Gbà Lọ́wọ́ Yín

Ẹ̀yin ará, ọ̀sẹ̀ kan ò lè lọ kẹ́nì kan má dá mi dúró nílé epo tàbí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n á rọra fọwọ́ pa bóńẹ́ẹ̀tì Benz mi, wọ́n á ní "Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ ra eléyìí?" Mo máa ń dá wọn lóhùn o, àmọ́ iye tí mo rà á ò lè ṣe wọ́n láǹfààní kankan. Ohun tó yẹ kí wọ́n bi mí ni èló ló ti jẹ látọjọ́ tó ti wọ ilé mi, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Mercedes 280 SL ti 1978 ni, onílẹ̀kùn méjì, èyí tórí ẹ̀ máa ń ṣí, mo rà á ní Ọ̀fà lọ́dún 2021 ní ₦2,800,000. Lọ́dún àkọ́kọ́ nìkan mo tún ná ₦2,160,000 lé e lórí. Gbogbo ẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé, mo sì fẹ́ tò ó síbí fún yín bó ṣe rí, torí mi ò fẹ́ kẹ́lòmíì tún fowó ẹ̀ kọ́ ohun témi ti fowó kọ́.

Tẹ́ ẹ bá máa mú ohun kan péré níbí, ẹ mú eléyìí: iye tó yẹ kẹ́ ẹ san fún mọ́tò àtijọ́ ni iye tí èyí tó mọ́ nínú irú ẹ̀ ń lọ, kẹ́ ẹ wá yọ gbogbo owó tẹ́ ẹ máa ná kó tó dà bíi tiẹ̀. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, bẹ́ ẹ ṣe máa rí iye méjèèjì yẹn ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo ibi tí páàtì máa ti wá kẹ́ ẹ tó wo ẹwà

Ojú ni gbogbo wa fi ń ra mọ́tò, mo mọ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó fi ojú yẹn rà, ẹ mú fóònù, ẹ pe àwọn tó ń ta páàtì ní Gate n'Íbàdàn àti ní Ládípọ̀ l'Ékòó, ẹ béèrè nǹkan márùn-ún lọ́wọ́ wọn: gíláàsì iwájú, iná ẹ̀yìn, másítà bírékì, púḿpù epo àti gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì. Bí mẹ́ta nínú márùn-ún bá ti jẹ́ "ẹ jẹ́ ká máa wá a", ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí Peugeot 504 Coupé torí òun ló sún mọ́ wa jù. Kò sẹ́ni tó gbọ́njú ní Kwara tí ò mọ 504, Kàdúná níbí ni ilé iṣẹ́ PAN ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot látọdún 1975. Coupé yìí, Pininfarina ará Ítálì ló ya ara ẹ̀, wọ́n ṣe é láti 1969 dé 1983. Ọ̀pọ̀ nǹkan abẹ́ ẹ̀ ló jọ ti 504 tá a mọ̀, ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́rin, ẹsẹ̀ iwájú, bírékì, mẹkáníìkì tó ti dàgbà lè fojú tó dì tú u kó sì tò ó. Àmọ́ ìta ẹ̀ látòkè délẹ̀ ò bá ti 504 tá à ń rí mu rárá, fẹ́ńdà ẹ̀ yàtọ̀, iná ẹ̀ yàtọ̀, gíláàsì ẹ̀ yàtọ̀, bẹ́ ẹ bá fọ́ iná ẹ̀yìn ẹ̀ kan, kò sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ máa wọ̀ kẹ́ ẹ bá a pàdé lọ́jọ́ yẹn. Torí náà, tẹ́ ẹ bá rí 504 Coupé tí ara ẹ̀ pé àmọ́ tí ẹ́ńjìnì ẹ̀ ti kú, ẹ dúró kẹ́ ẹ nájà. Tí ẹ́ńjìnì bá ń ké dáadáa àmọ́ tí iná àti gíláàsì ti lọ, ẹ dákun ẹ máa lọ.

Benz SL irú tèmi, R107 ni wọ́n ń pè é. Ọdún 18 ni wọ́n fi ṣe é, 1971 dé 1989, ó sì lé ní 237,000 tó jáde, ìdí nìyẹn tí páàtì ẹ̀ fi ṣì wà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún àwa tá a wà níbí ni 280 SL, torí ẹ́ńjìnì M110 tó wà nínú ẹ̀ náà ló wà nínú 280 E, 280 CE àti 280 SE tí àwọn Alhaji wa gùn láyé ọjọ́un, òkú wọn pọ̀ ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì, ẹ lè yọ nǹkan lára wọn. Kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún 380 SL ti 1981 sí 1983, ṣéènì tímìn (ṣéènì tó ń mú kí fáàfù àti písítìnì ṣiṣẹ́ pọ̀ lákòókò) olókùn kan ni wọ́n fi sínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, tó bá já, fáàfù á lọ bá písítìnì, ẹ́ńjìnì dé nìyẹn. Látọdún 1984 wọ́n sọ ọ́ di olókùn méjì.

BMW E30 onísílíńdà mẹ́fà, 320i àti 325i, bẹ́líìtì tímìn ló ń lò, òun náà tó bá já kò sí àforíjì. Porsche 944 (1982 sí 1991) bẹ́ẹ̀ náà, tiẹ̀ tún ní bẹ́líìtì kejì tó ń wa ọ̀pá tó ń mú kí ẹ́ńjìnì má gbọ̀n, ẹ́ńjìnì wà níwájú, gíà wà lẹ́yìn, kílọ́ọ̀ṣì lásán tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ máa tú ìdajì mọ́tò. Ìdí tí 944 fi máa ń pọ́ọ́kú nìyẹn nígbà míì, ẹni tó ń tà á ti mọ ohun tó ń bọ̀. Porsche 911 tí atẹ́gùn ń tù lára, tí wọ́n ṣe títí dé 1998, kò ní rèdíétọ̀, ó sì ń mu ọ́ìlì tó nǹkan bíi lítà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀. Mọ́tò ńlá ni, àmọ́ èmi ò tíì rí mẹkáníìkì tí mo lè gbé 911 lé lọ́wọ́ ní Ìlọrin, Èkó lẹ máa máa gbé e lọ, kẹ́ ẹ sì ka owó ọkọ̀ tó máa gbé e mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: iye tí wọ́n ń pè é kọ́ ni iye tí wọ́n ń tà á

Ẹnikẹ́ni lè kọ ₦25 mílíọ̀nù sábẹ́ fọ́tò mọ́tò. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ ni èló lẹnì kan gbé kalẹ̀ ní tòótọ́. Tí òkè òkun, ẹ lọ wo Bring a Trailer, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta mọ́tò ní gbàǹjo, iye tí wọ́n ta mọ́tò kọ̀ọ̀kan gan-an ló wà níbẹ̀ ní gbangba, pẹ̀lú fọ́tò abẹ́ ẹ̀ àti ìbéèrè àwọn tó fẹ́ rà á, ẹ kà á dáadáa, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni. Hagerty, ilé iṣẹ́ ìǹṣọ́ráǹsì mọ́tò àtijọ́ l'Amẹ́ríkà, máa ń pín mọ́tò àtijọ́ sí ipele mẹ́rin: ipele kìíní ni èyí tó dà bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tàbí tó tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìkejì ni èyí tó mọ́ gan-an tí ẹni tó mọ̀ nìkan ló lè rí àléébù ẹ̀, ìkẹta ń rìn dáadáa ó sì ní àléébù díẹ̀díẹ̀, ìkẹrin ń rìn ṣá àmọ́ ojú lásán rí ohun tó ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́dọ̀ wa, ìkẹrin ni wọ́n, òmíràn ò tiẹ̀ dé ibẹ̀.

R107 tó wà ní ipele kẹta l'Amẹ́ríkà sábà máa ń lọ láàárín $10,000 sí $30,000, ó dá lórí ẹ́ńjìnì àti bó ṣe rìn tó. Ẹ má wá fi iye yẹn sọ dọ́là di náírà kẹ́ ẹ ní iye èyí tó wà lábẹ́ igi máńgòrò ní Òmù-Àrán nìyẹn. Ẹni tó bá fi ìtàn Benz 300 SLR Uhlenhaut Coupé tí wọ́n tà ní mílíọ̀nù €135 lóṣù Karùn-ún 2022 bá yín sọ̀rọ̀, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, méjì péré ni wọ́n ṣe irú ìyẹn láyé.

Ohun tó ń ti iye tiwa gòkè níbí yàtọ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù ò gbà kẹ́ ẹ kó mọ́tò àlòkù tó ti lé lọ́dún 12 wọlé, látìgbà tí oṣù Kìíní 2017 ti wọlé sì ni wọ́n ti fòfin de gbígba ilẹ̀ kó mọ́tò wọlé pátápátá. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé mọ́tò 1978 tẹ́ ẹ rí l'Ílọrin lónìí, ó yẹ kó jẹ́ pé ó ti wà nílẹ̀ yìí tipẹ́, wọ́n kó o wọlé láyé owó epo ni, iye wọn kì í pọ̀ sí i, ńṣe ló ń dín kù bí àwọn alágbẹ̀dẹ ṣe ń rà wọ́n ní kílò kílò. Tẹ́nì kan bá wá sọ fún yín pé mọ́tò 40 ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lóṣù tó kọjá, gba ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú lọ́hùn-ún, ẹ má dá sí i, bó ti wù kó mọ́ tó. Wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú títì, owó yín sì ti lọ.

Tí Nàìjíríà, ohun tí mo ṣe ni pé mo wá ènìyàn mẹ́ta tó ti ra irú ẹ̀ (méjì l'Ékòó, ọ̀kan l'Ábújá), mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ iye tí wọ́n san fún mi. Àwọn tó ní mọ́tò àtijọ́ fẹ́ràn àtisọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, ẹ ṣáà fi ọ̀wọ̀ bá wọn sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ wò ó

Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ sọ fún wọn látàná pé kí wọ́n má sítáátì ẹ̀ rárá, torí ẹ́ńjìnì tó ti gbóná máa ń bo ọ̀pọ̀ nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tẹ́ ẹ fi aṣọ wé kó má ba ọ́dà jẹ́, tọ́ọ̀ṣì, ẹní tẹ́ ẹ máa tẹ́ sílẹ̀ wọ abẹ́ ẹ̀, àti ìwé.

Ara ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ́ńjìnì ló kẹ́yìn. Ẹ́ńjìnì ṣeé tún ṣe, àmọ́ ara tó bá ti dípẹtà dénú ni owó ń bá lọ. Ẹ máa gbé mágínẹ́ẹ̀tì yẹn káàkiri: ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ibi tí wọ́n ń gbé jáàkì sí, ẹ̀yìn táyà, inú búùtù lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ibi tó bá ti kọ̀ tí ò lẹ̀, bọ́dì fílà (ohun tí wọ́n fi ń dí ihò ara mọ́tò) ló wà níbẹ̀, kì í ṣe irin. Tèmi, mágínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ dáadáa lápá òsì látiwájú dé ẹ̀yìn, nígbà tí mo dé abẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún, ó já bọ́ sílẹ̀ gbọ̀ọ̀. Mo tún gbé e síbẹ̀, ó tún já bọ́. Mo kan án lọ́wọ́, ó dún bíi pákó. Ọmọ bàbá tó ni mọ́tò dúró tì mí, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ yẹn wọ́n kàn fi nǹkan dí i díẹ̀ ni." Nígbà tí panẹ́lì bítà wá ha á kúrò lẹ́yìn tí mo rà á, fílà yẹn nípọn tó ìka méjì, ìwé ìròyìn ni wọ́n kọ́kọ́ ká sínú ihò ẹ̀ kí wọ́n tó kùn ún.

Tó bá jẹ́ R107, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì ibi ẹsẹ̀ níwájú sókè, tọ̀tún tòsì. Tó bá tutù tàbí tó ń rùn, omi ń gba abẹ́ gíláàsì iwájú wọlé, irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti inú mọ́tò ló ti ń jẹrà níbẹ̀, gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ máa tú kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Èyí tó bá ti dé ipò yẹn, èmi ò ní rà á ní iye kankan. Mọ́tò tó gbé ilẹ̀ wa yìí, Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán, máa ń sàn ju èyí tó gbé etí òkun l'Ékòó lọ níbi ìpẹtà, iyọ̀ inú atẹ́gùn ibẹ̀ kì í jẹ́ kí irin sinmi. Ọyẹ́ ló ń bá tiwa jà, rọ́bà á gan, dáṣíbọ́ọ̀dù á sán, aṣọ òrùlé á máa já.

Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà. Nọ́ńbà ṣásí SL máa ń sọ irú mọ́tò tó jẹ́: 107.042 ni 280 SL, 107.043 ni 350 SL, 107.044 ni 450 SL, 107.045 ni 380 SL, 107.046 ni 500 SL. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì 280 gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 110, ti 450 pẹ̀lú 117. Tí ṣásí bá ní 450 lòun, tí ẹ́ńjìnì ní 110 lòun, wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ nìyẹn. Mo ti rí èyí tó jẹ́ ẹ́ńjìnì Toyota ló wà nínú ẹ̀. Mi ò bá ẹni tó ṣe é jà, ó fẹ́ máa gun mọ́tò ẹ̀, ó sì ń gùn ún, àmọ́ níbi iye ọjà, ìdajì ti lọ, ẹni tó ń kó mọ́tò àtijọ́ jọ ò ní wo ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí wọ́n sítáátì ẹ̀. Lórí Benz ayé ìgbà yẹn, gééjì ọ́ìlì wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń ka 0 dé 3. Tẹ́ ẹ bá ti sítáátì, ó yẹ kó fò lọ sí 3. Ẹ wà á títí tó fi gbóná dáadáa, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lójú kan láìtẹ síròótù, ó lè wálẹ̀, kò burú, àmọ́ kó má lọ sísàlẹ̀ 0.5, tẹ́ ẹ bá sì fọwọ́ tẹ síròótù díẹ̀ kó tún padà sí 3 kíá. Èyí tó bá ń rákò gòkè, inú ẹ́ńjìnì ti jẹ. Èéfín náà ń sọ̀rọ̀: búlúù, ọ́ìlì ló ń jó, tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí síròótù tẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́ ló ń yọ, síìlì fáàfù ló sábà máa ń jẹ́, ìyẹn ò le jù. Funfun tó ń rùn dídùn tí omi sì ń lọ, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ni. Dúdú, epo pọ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá rí mẹkáníìkì tó ní gééjì ìwọn agbára sílíńdà, ẹ sanwó fún un kó wá, iye kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sún mọ́ra, tí ọ̀kan bá fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ sẹ́yìn àwọn yòókù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ ìnájà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí mọ́tò tó ti wà lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí irú ẹ̀ ló pọ̀ jù lágbègbè wa. Bàbá kú, àwọn ọmọ wà l'Ékòó tàbí l'Òyìnbó, mọ́tò dúró sí ẹ̀yìnkùlé. Tèmi lo ọdún 11 níbẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ yẹ kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ ṣí ìdérí táǹkì epo kẹ́ ẹ gbóòórùn. Epo tó ti pẹ́ ń rùn bí ọ́dà tó ti gan, kì í rùn bí epo mọ́. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sítáátì ẹ̀ títí ẹ máa fi tú táǹkì sílẹ̀, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ pààrọ̀ fílítà àti páìpù rọ́bà. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí mo gbé lọ, mo sọ fún un bẹ́ẹ̀, ó ní òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ọgbọ̀n ọdún, ó da epo tuntun lé ògbólógbòó lórí nígbà tí mo lọ kírun, ó sítáátì ẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Púḿpù ti fa ìpẹtà ìsàlẹ̀ táǹkì lọ sínú ẹ̀rọ tó ń pín epo fún sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, K-Jetronic ni wọ́n ń pè é, irin kékeré kan wà láàárín ẹ̀ tó ń lọ sókè sódò, ìdọ̀tí tíńtín ló tó láti há a mọ́bẹ̀. Ó há. Ó wá ní ká yọ gbogbo ẹ̀ dà nù ká fi kabirétọ̀ Peugeot sí i. Mo gbé mọ́tò mi kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní láti fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sókè òkun kí wọ́n tún inú ẹ̀ ṣe, àtowó iṣẹ́ àtowó ìfiránṣẹ́, ₦400,000, ní owó ìgbà yẹn. Ó ṣì ń dùn mí, torí owó tí ò yẹ kó jáde ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: pépà

Ẹ mú nọ́ńbà ṣásí tó wà lára mọ́tò, ẹ fi wé ti inú pépà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn wò ó gààràgà. Ẹ béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àtijọ́, ìwé tó fi hàn pé ẹni yẹn ló ni ín, àti ìwé àṣẹ ọkọ̀ tó kẹ́yìn kódà kó ti kú lọ́dún 15 sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ mọ́tò ogún, ọmọ kan ò lè dá tà á. Ẹ béèrè létà tí kóòtù fi gbé àkóso ogún lé wọn lọ́wọ́, kí gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ sì fọwọ́ sí ìwé títà. Ní tèmi, màmá àgbà ló ní ká jókòó, ó pe àwọn ọmọ tó wà lókèèrè lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan níṣojú mi, "Ṣé ẹ gbọ́? Mọ́tò bàbá yín la fẹ́ tà o." Wọ́n dáhùn, lẹ́yìn náà ni wọ́n fọwọ́ sí i. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyá yẹn gan-an.

Iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí ní Kwara, KW-IRS, l'Ílọrin lẹ ti máa yí orúkọ padà. Mọ́tò tí wọ́n ṣe ṣáájú 1981 kì í ní nọ́ńbà ṣásí oní-17 bíi ti ìsinsìnyí, tiwọn kúrú, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ dáadáa lọ́wọ́ torí ẹ máa ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn, àti fún Road Safety náà lọ́nà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìṣirò àti ìnájà

Ká sọ pé èyí tó mọ́ nínú irú mọ́tò yẹn ń lọ ní ₦9,000,000 l'Ékòó. Ẹ kọ gbogbo àtúnṣe tẹ́ ẹ rí, ká ní ó jẹ́ ₦4,000,000. Ẹ fi ìdá mẹ́ta ẹ̀ kan kún un fún ohun tẹ́ ẹ ò rí, torí ó dájú pé ẹ ò rí gbogbo ẹ̀, ìyẹn bíi ₦1,330,000. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ó ku nǹkan bíi ₦3,670,000. Ẹ má san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá ní márùn-ún ni, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ fi nọ́ńbà yín sílẹ̀, ẹ wọkọ̀. Ní tèmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àwọn tó ni mọ́tò lò kí wọ́n tó pè mí padà. Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà, wọ́n sì ní ẹnu àwa ọmọ Àfọ̀njá dùn ju iyọ̀, àmọ́ ìwé tí mo tẹ́ sórí tábìlì, tí mo to àtúnṣe sí pẹ̀lú iye ẹ̀, ló parí ọ̀rọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó bínú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: owó ọdún àkọ́kọ́

Bí tèmi ṣe lọ nìyí. Fífọ táǹkì, púḿpù epo àti páìpù, ₦310,000. Ẹ̀rọ epo tí mo sọ yẹn, ₦400,000. Bírékì, ₦240,000, kò sí bó ṣe lè dín kù torí rọ́bà páìpù bírékì máa ń wú nínú tí ìta ẹ̀ á ṣì dà bí tuntun, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, kò ní tú sílẹ̀, táyà kan á máa gbóná. Táyà mẹ́rin, ₦160,000. Rewáyà, ₦120,000, eku ti jẹ wáyà abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Panẹ́lì àti ọ́dà, ₦650,000. Aṣọ òrùlé, ₦280,000. Mo tò ó bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra wọn: ohun tó ń mú un rìn, ohun tó ń mú un dúró, ohun tó ń tẹ ilẹ̀, iná, ara ló kẹ́yìn. Mo ti rí ẹni tó kun mọ́tò ẹ̀ pupa fòò kí bírékì tó ṣiṣẹ́, ó wà níbẹ̀ dòní.

Ẹ má fi owó 2021 yẹn ṣe ìṣirò tiyín o. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 ní báńkì ṣáájú oṣù Kẹfà 2023 ti kọjá ₦1,500 lọ́dún 2024, gbogbo páàtì tó ń bọ̀ láti òkè òkun ló bá a lọ. Ohun tí mo ra ní náírà kan, ẹ máa wò ó bíi náírà méjì ààbọ̀ ó kéré tán.

Táyà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ní nọ́ńbà mẹ́rin, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó sanwó, pàápàá tòkunbọ̀. Táyà onírímù 14 tí àwọn mọ́tò yìí ń lò ti ń wọ́n lọ́jà, ẹni tó ń tà á lè ti tọ́jú ẹ̀ ọdún mẹ́jọ.

Ìgbésẹ̀ keje: ohun tó máa jẹ lọ́dọọdún lẹ́yìn náà

Epo ló ga jù. Tèmi ń mu bíi lítà 15 ní kìlómítà 100 láàárín ìlú, tó fi dúró sí gó-síló Challenge àti Post Office. Tẹ́ ẹ bá rin kìlómítà 5,000 lọ́dún, lítà 750 nìyẹn. Ṣáájú ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kì í pé ₦150,000. Nígbà tí lítà kan kọjá ₦1,000 níparí 2024, ó di ₦750,000 ó lé. Mọ́tò ò yí padà, ọ̀nà ò yí padà.

Ìǹṣọ́ráǹsì third party fún mọ́tò àdáni ti di ₦15,000 látọdún 2023, ó sì ń san tó ₦3 mílíọ̀nù fún dúkìá ẹlòmíì tẹ́ ẹ bá bà jẹ́, àmọ́ kọ́bọ̀ kan kò ní kan mọ́tò tiyín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ comprehensive, èyí tó kan mọ́tò tiyín náà, ó kéré tán ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye mọ́tò ni, mọ́tò ₦6 mílíọ̀nù, ₦300,000 lọ́dún. Kẹ́ ẹ rí i pé ẹ jọ kọ iye mọ́tò náà sílẹ̀ ṣáájú pẹ̀lú fọ́tò, torí tí wọ́n bá kàn wo ọdún tí wọ́n ṣe é, wọ́n á ní kò níye lórí.

Ọ́ìlì, 20W-50 ni mò ń lò nítorí ooru wa, nǹkan bíi lítà mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún kódà tí mi ò bá rìn jìnnà. Fílítà atẹ́gùn, ẹ yọ ọ́ wò tí ọyẹ́ bá ti parí, eruku tó máa jáde níbẹ̀ á yà yín lẹ́nu. Àwọn tó fẹ́ ra mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ bíi MGB, kẹ́ ẹ mọ̀ pé epo tó ní òjé ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnì yẹn fún, a ò sì ta irú epo bẹ́ẹ̀ mọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà apá ibí látọdún 2006, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ìjókòó fáàfù ẹ̀ sí èyí tó le.

Ibi tó ń sùn. Ẹ má fi tapólì nílọ́ọ̀nù bò ó, wallahi òógùn ló ń là sábẹ́ ẹ̀, ọ́dà á wú bíi eléèwo. Òrùlé páànù tí atẹ́gùn ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá dáa ju gbogbo ẹ̀ lọ. Kẹ́ ẹ sì máa wà á. Àràárọ̀ ọjọ́ Sunday ni mo máa ń gbé tèmi láti Tánkẹ̀, gba Gánmọ̀ dé Àmòyọ̀, kí ọ́ìlì gbóná débi tí omi inú ẹ̀ á fi gbẹ. Kẹ́ ẹ kàn sítáátì ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ọgbà ò ràn án lọ́wọ́, ńṣe ló ń kó omi jọ sínú ẹ̀sọ́ọ̀sì.

Àwọn kan ní kí n máa fi háyà fún ìgbéyàwó kí owó epo lè padà wá. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n jókòó sórí òrùlé aṣọ yẹn láti ya fọ́tò, mi ò ṣe é mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìwé

Ẹ ra ìwé ńlá kan, kí gbogbo rìsíìtì wà níbẹ̀, déètì, kìlómítà, iye, ẹni tó ṣe é. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, ìwé yẹn ló máa gbé e kúrò ní ipele kẹrin lójú ẹni tó fẹ́ rà á, torí ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ohun tí ò rí, bó ṣe ba ẹ̀yin náà lẹ́rù lọ́jọ́sí. Páàtì tẹ́ ẹ bá yọ, tó bá jẹ́ ojúlówó, ẹ má jù ú nù, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sára báàgì kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀. Tèmi ti kún dé ojú ewé 61. Èyí tó kẹ́yìn tí mo kọ síbẹ̀ ni rọ́bà ilẹ̀kùn ọ̀tún, ₦38,000. Ti òsì ṣì wà lọ́nà.